Òkúta Mọ́kàndínlógún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́ǹsì

Ọdún tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ ní Calgary, bí èèyàn bá ju òkúta sínú train láàárọ̀, ó kéré tán yóò ba geologist mẹ́ta tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn yóò sì gbé òkúta náà yẹ̀ wò bóyá epo wà nínú rẹ̀. Èmi ni ẹni náà. Ọláwándé lorúkọ mi. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ka ilẹ̀ bí ẹni ń kàwé, láti Port Harcourt títí dé àjà kẹtàlélógún ilé gíláàsì kan ní downtown, títí di ọjọ́ Túsìdeè kan ní 2016 tí wọ́n pè wá sí yàrá ìpàdé, mo sì rí donut lórí tábìlì. Ilé-iṣẹ́ wa kì í ra donut. Mo mọ̀ pé ó ti parí.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sílé wa ní Pineridge. Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń lọ sí hospital. Wùnmí ọmọ wa ń lọ sí school. Èmi ń to fìrísà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ fìrísà yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n kó wa lọ sí Ìgbẹ́tì láti lọ kọ́ nípa òkúta. Mo gun òkè, mo kó òkúta kún àpò, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Olùkọ́ wa, Dókítà Akínbámi, mú ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, "Ibo lo ti gbé èyí?" Mo ní, "Lórí òkè, sà." Ó ní, "Òkè wo?" Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn òkè Ìgbẹ́tì. Wọ́n pọ̀. Ó ní kí n gbé àpò náà padà, kí n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ibi tí mo ti mú un. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bẹ òkúta pé kí ó júwe ilé bàbá rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé nǹkan nílẹ̀ láìkọ ohun mẹ́ta sára náílọ́nù rẹ̀: ibi tí mo ti rí i, ọjọ́ tí mo rí i, àti ohun tó jẹ́. Ata inú fìrísà wa gan-an ní àkọlé: "Superstore, August 3, ata rodo." Fẹ́yìsayọ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun á jí, òun á rí àkọlé níwájú orí òun.

Ẹ̀gbọ́n Bándélé ló bá mi rí iṣẹ́. Engineer ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ tiwọn ti ra donut ṣáájú tiwa, wọ́n sì ti ń wa tákísì. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Wándé, o ṣì mọ òkúta?"

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta nìkan ni mo mọ̀."

"Bàbá kan wà nínú tákísì mi báyìí, ó ń wá ẹni tó mọ òkúta. Mo ní àbúrò mi ni olórí wọn."

"Ṣé ilé-iṣẹ́ epo ni?"

"Inú ilẹ̀ ni wọ́n wà o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe epo."

Bí mo ṣe dé itẹ́ òkú àwọn Júù àtijọ́ nìyẹn. Orí òkè kan ló wà, odò Elbow ń ṣàn nísàlẹ̀, àwọn ilé gíláàsì tó lé wa jáde ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń sìnkú síbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ sùn síbẹ̀ wá láti Rọ́ṣíà àti Pólándì, wọ́n dé sínú snow yìí láìní parka, ẹ̀wù òtútù tó nípọn, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ra awọ, àwọn kan ń dáko. Òkúta wọn ti gbó, òjò ti jẹ lẹ́tà ara wọn, ẹlòmíràn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí.

Bàbá inú tákísì náà ni Mísítà Morris Adelstein, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, alága ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ó wo ẹnu mi kó tó wo ojú mi. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.

"Bí o ṣe máa fọ eyín ọmọ ọwọ́ ni kí o ṣe fọ̀ wọ́n. Omi nìkan. Kò sí bleach, kò sí ohun onírin. Má kánjú. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò ní sá."

Ó ní kí n máa bo orí mi, àṣà àwọn Júù ni níbi òkú. Mo fa fìlà mi yọ nínú àpò, mo dé e. Ó wò mí yíká, ó ní ó ju èyí tí òun fẹ́ fún mi lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Oṣù mẹ́rin tí mi ò rí òkúta bá sọ̀rọ̀, àfi ìgbà yìí tí Ọlọ́run gbé odindi àdúgbò wọn fún mi. Granite nìyí, marble nìyí, sandstone tí wọ́n gbẹ́ ní etí odò yìí gan-an nìyẹn. Mo ń kí wọn bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n. Ẹ káàárọ̀ o, Mísítà Fishman, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí Màmá Zelniker. Bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ arọ tó jókòó lé dé ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ìlà-oòrùn, níbi tí kò sí òkúta kankan, koríko lásán. Wọ́n ti fi paint aláwọ̀ ọsàn fa ìlà méjì gbọọrọ sórí koríko náà. Ó pè mí.

"Ìwọ ni ọkùnrin epo yẹn?"

"Èmi ni tẹ́lẹ̀, mà."

"Wọ́n ní o lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀."

"Bó bá jẹ́ epo ni, mà, bó bá sì jìn tó máìlì méjì."

"Àbúrò mi ni. Kò jìn tó bẹ́ẹ̀."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Sámì lorúkọ rẹ̀," ó ní. "Ìgbà òtútù 1935. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò láyé. Láyé ìgbà náà, ọmọ tí kò pé oṣù kan, a kì í jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, a kì í gbé òkúta lé e lórí. Bàbá mi gbé e wá síbí láti oko wa ní apá Drumheller, ó sin ín sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yìí. Ọmọ ọdún méje ni mí, wọn ò mú mi wá. Lẹ́yìn náà, ìyá mi ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún. Òun nìkan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun."

"Ẹ ò bi í pé ibo ni, mà?"

"Ṣé ìwọ á bi ìyá tìrẹ?"

Ó bá mi níbi tó ń ro mí. Kí wọ́n tó bí mi, màmá mi sin ọmọkùnrin kan ní Ìṣẹ́yìn. Kí n má purọ́: wọ́n bá a sin ín ni. Nílé wa, a kì í fi ibojì ọmọ han ìyá tó bí i. Títí di òní, màmá mi kò mọ ibẹ̀, èmi náà kò sì bi í rí. Mo sọ fún Màmá Zelniker. Ó gbá mi lápá jẹ́jẹ́.

"O rí i. Ìyá tìrẹ kò mọ̀. Ìyá tèmi mọ̀, kò sọ. Èmi wá wà láàárín." Ó na ọwọ́ sí ìlà ọsàn náà. "Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa da asphalt síbí. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn arúgbó ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe fún kẹ̀kẹ́ mi ló máa gun orí àbúrò mi kọjá."

"Ẹ ò sọ fún Mísítà Adelstein?"

"Morris ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ìwé orúkọ àwọn òkú àkọ́kọ́ wà nínú basement ọmọ ìgbìmọ̀ kan nígbà ìkún-omi 2013. Odò yá a kà, kò dá a padà mọ́. Mo ní, Morris, mo ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, èmi gan-an ni ẹ̀rí. Ó ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé."

Mo rin fẹ́ǹsì náà lọ, mo rìn ín bọ̀. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kò sí kùkùté, kò sí igi, kò sí nǹkankan àfi ihò gopher, ẹran kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò rí igi gùn, tó wá fi ìbínú gbẹ́ ilẹ̀. N kò rí ohun tí mo lè ṣe fún màmá. Mo wá sọ fún ara mi pé, ó kéré tán, màá tún gbogbo ibẹ̀ ṣe kó dán gbinrin kó tó di Sunday, ọjọ́ tí gbogbo ìdílé ń bọ̀ wá kí àwọn òkú wọn ṣáájú ọdún tuntun àwọn Júù.

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí ohun burúkú kan.

Òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí àwọn ibojì. Lórí ọ̀kan, mẹ́ta. Lórí òmíràn, mọ́kànlá. Kò sí afẹ́fẹ́ tó ń gbé òkúta, kò sí ẹyẹ tó ń yé e. Ẹnì kan ń wá síbí, ó ń sọ òkú lókò. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Nílé wa, bí èèyàn bá burú tó, bó bá ti kú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó máa gun òkè, tó máa gbé òkò lé ìyá arúgbó lórí nínú ibojì, irú ọmọ wo nìyẹn? Mo sì ti gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn kan ń ba ibojì Júù jẹ́ káàkiri. Mo ní, kì í ṣe lójú èmi Ọláwándé.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè ni mo fi kó gbogbo wọn. Mo ń tọrọ àforíjì bí mo ṣe ń kó wọn. Ẹ má bínú, Missis Fishman, wọ́n kàn yín lápá? Ẹ̀rí ni fún ọlọ́pàá, nítorí náà mo ṣe é bí iṣẹ́: òkúta ibojì kọ̀ọ̀kan nínú náílọ́nù tirẹ̀, ibi, ọjọ́, ohun tó jẹ́. Ibojì igba ó lé mẹ́rìnlá, náílọ́nù igba ó lé mẹ́rìnlá. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè ni mo tún dí ihò gopher ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ihò ogójì, kí arúgbó kankan má baà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Nínú ọ̀kan, ẹran náà ti hú òkúta jáde pẹ̀lú erùpẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo nù ún. Igi ni. Igi tó ti di òkúta, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, pẹ̀lú ìlà ọjọ́ orí rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo pupa tó dì. Mo fọwọ́ wa ilẹ̀ díẹ̀, mo rí mọ́kàndínlógún, gbogbo wọn wà lójú kan. Wọ́n dára débi pé mi ò pò wọ́n mọ́ ẹ̀rí ọlọ́pàá. Mo kọ nǹkan mẹ́ta tèmi sára náílọ́nù, mo gbé wọn lọ sílé, mo tò wọ́n sójú fèrèsé kíṣìnnì.

Ọjọ́ Fúráìdeè, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, Mísítà Adelstein dé láti wo iṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu géètì bí ọkọ ìyàwó. Ó rìn wọlé, ó dúró, ó yíjú ọ̀tún, ó yíjú òsì. Ojú rẹ̀ funfun.

"Wándé, àwọn òkúta dà?"

"Mo ti kó wọn, sà." Mo fi àyà hàn. "Gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ń sọ yín lókò, ọwọ́ máa tẹ̀ ẹ́."

Ó wá ibì kan jókòó. Lẹ́yìn náà ó là mí lóye, pẹ̀lú ohùn tí mo mọ̀ pé ó fi ń sọ fún èèyàn pé gbogbo eyín rẹ̀ ló máa yọ. Kò sí ẹni tó ń sọ wọ́n lókò. Bí Júù bá wá kí òkú rẹ̀, òkúta ló ń gbé lé e. Òdòdó á rọ, òkúta kì í rọ. Òkúta kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnì kan tó wá tó ní, mo dé ibí, mi ò gbàgbé. Ọ̀kan wà níbẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Ọ̀kan wà láti ìlú kan ní Pólándì tí kò sí Júù kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ibo lo dà wọ́n sí?"

"Wọ́n wà ní Pineridge, sà."

"Ní Pineridge." Ó wo oòrùn. "Ìsinmi wa ti fẹ́ wọlé. Mo gbọ́dọ̀ ti géètì. Ọ̀la, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbí. Ọjọ́ Sunday, agogo mọ́kànlá, àwọn èèyàn máa dé láti wá kí àwọn òbí wọn. Kí ni mo máa sọ fún wọn, pé geologist kan ti kó wọn jọ pọ̀?"

"Mi ò kó wọn jọ pọ̀, sà," mo ní. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ.

Nílé, Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wùnmí gbé ojú kúrò lára iPad.

"Daddy, you stole rocks from dead people?"

"I collected samples."

"That's stealing with labels."

Ọjọ́ Sunday, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Bándélé ti dé ẹnu géètì, náílọ́nù kún tákísì wọn dé òrùlé. Mísítà Adelstein dé pẹ̀lú ojú ẹni tó ń lọ sí ìsìnkú kejì. Mo fa náílọ́nù àkọ́kọ́ yọ, mo nà án sí i. Ó kà á sókè: "Ìlà kẹta, ibojì kẹrìnlá, Fishman, Bella. Òkúta méje. Èyí tó tóbi wà lápá òsì." Ó gbójú sókè. Ó mú òmíràn. Ó mú òmíràn.

"O kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹ bi í, sà, ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n Bándélé dáhùn.

Ẹ wo iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mísítà Adelstein ń kà, èmi ń sá, Ẹ̀gbọ́n ń tò. Ìlà kìíní, ìlà kejì. Bàbá eyín ti bọ́ kóòtù, ó ti ń sáré pẹ̀lú wa, ó ń pè mí ní "my boy". Agogo mẹ́wàá ààbọ̀, ó tán. Òkúta Jerúsálẹ́mù wà níbi rẹ̀. Òkúta Pólándì wà níbi rẹ̀. A jókòó lórí koríko, àwa mẹ́ta, à ń mí bí ajá. Àwọn ìdílé ti ń wọlé ní méjì méjì, wọn ò mọ nǹkankan.

"Kò ku ọ̀kan?" Mísítà Adelstein bi mí.

"Kò kù, sà." Ọkàn mi lọ sí ojú fèrèsé kíṣìnnì wa, ó sì padà. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi pé kò sí ibojì.

Màmá Zelniker wà ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, láàárín ìlà ọsàn méjì. Mo lọ kí i. Ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Òní ló parí," ó ní. "Lọ́la wọ́n á dé." Ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀. "Nígbà tí ìyá mi ń kú, 1957, ó fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, bá mi gbé e fún Sámì. Kí n tó bèèrè, ó ti lọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọdọọdún ni mo ń gbé e wá, ọdọọdún ni mo ń gbé e padà sílé, torí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí."

Ó ṣí ọwọ́.

Igi ni. Igi tó ti di òkúta. Pupa rẹ́súrẹ́sú.

N kò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n Bándélé ní mo fò sókè, fìlà mi bọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fóònù wà létí mi.

"Fẹ́yì, àwọn òkúta ojú fèrèsé."

Oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀, kò pẹ́ tó ti ibi iṣẹ́ dé. "Mo ti kó wọn sínú ìkòkò ẹfinrin mi. Wọ́n ń jẹ́ kómi rọra sẹ̀."

"Náílọ́nù wọn ńkọ́?"

"Náílọ́nù wo?"

"Èyí tí mo kọ nǹkan sí."

"Wándé, gbogbo náílọ́nù ilé yìí lo kọ nǹkan sí."

"Èyí tó wà lójú fèrèsé. Mo dí ihò ogójì lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn jọra. Ara náílọ́nù yẹn nìkan ni àdírẹ́sì wà."

Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn fìrísà. "Mo ti fi di irú," ó ní.

"Gbé e bọ̀."

"Irú?"

"Irú, òkúta, ẹfinrin, gbogbo rẹ̀. Máa bọ̀."

Láti Pineridge sí orí òkè yẹn jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Fẹ́yìsayọ̀ fi mẹ́tàdínlógún dé. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì àti sílípáàsì, ó gbé ìkòkò ẹfinrin mọ́ àyà. Ọwọ́ kejì di náílọ́nù irú mú. Irú náà ti ń yọ́ nínú heater mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n wọ súùtù dúdú, tí wọ́n dúró jẹ́jẹ́ láàárín àwọn òkú wọn, gbogbo wọn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Mísítà Adelstein sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì.

"Kí ni ìyẹn?"

"Àdírẹ́sì ni, sà," mo ní.

Mo fi apá aṣọ nu yìnyín ara rẹ̀. Mákà mi kì í parẹ́, owó gidi ni mo fi rà á. Mo kà á síta: "Fẹ́ǹsì ìlà-oòrùn. Òpó kẹtàlélógún láti géètì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sínú. September 22. Igi tó di òkúta, mọ́kàndínlógún. Kò sí ibojì."

Ẹ̀gbọ́n Bándélé ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n ń gbá òpó. "Ọ̀kan. Èjì." Mo ti kẹ̀kẹ́ Màmá Zelniker tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀, wọn ò mọ ohun tí à ń kà, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá wa kà á. Twelve. Thirteen. Fẹ́yìsayọ̀ ń gbé ẹfinrin bọ̀ lẹ́yìn bí ìyá ọmọ ìkómọ. Òpó kẹtàlélógún. Mo fi bàtà wọn mẹ́rin. Erùpẹ̀ tuntun wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ibi tí mo ti dí ihò. Ó bọ́ sí àárín ìlà ọsàn méjèèjì gẹ́lẹ́.

Mísítà Adelstein tún ìgò ojú rẹ̀ ṣe.

"Freda," ó sọ fún màmá, pẹ̀lú sùúrù, "òkúta lè ti ibikíbi wá. Odò lè gbé e wá."

Mo dúró de gbólóhùn yìí láti ọjọ́ donut.

"Sà," mo ní, "ẹ wo apá ibẹ̀ yẹn. Àwọn òkè ńlá wà níwọ̀-oòrùn. Gbogbo òkúta ilẹ̀ yìí, omi àti yìnyín ló kó wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀hún. Igi yìí kò sí lọ́hùn-ún. Apá Drumheller ló wà, ìlà-oòrùn, lórí odò mìíràn tí kò dé ibí rárá. Bí odò bá máa gbé e wá, ó máa gun òkè. Ká ní ọ̀kan ni, mo lè ní ajá ló gbé e. Mọ́kàndínlógún, lójú kan, lábẹ́ koríko? Ẹnì kan ló ń gbé e wá, sà. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan tí oko rẹ̀ wà lọ́hùn-ún."

"Ó yẹ kó jẹ́ mọ́kànlélógún," Màmá Zelniker ní. Ó ń fi ìka ka ọdún. "Láti 1936 sí 1956. Méjì kò sí."

"Gopher, mà," mo ní. "Wọ́n ti fi kọ́lé."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà já sí omijé kó tó dé òpin. Ó nawọ́ sí mi, mo gbé e kúrò lórí kẹ̀kẹ́, Fẹ́yìsayọ̀ di apá kejì mú, a bá a kúnlẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ fa òkúta yọ nídìí ẹfinrin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nù wọ́n sára aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Màmá ń tò wọ́n. Nígbà tó pé mọ́kàndínlógún, ó gbé ti ọwọ́ ara rẹ̀ lé wọn lórí. Ó bá erùpẹ̀ náà sọ̀rọ̀ ní èdè àwọn bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú, bí ẹni tó pẹ́ dé tó ń ṣàlàyé pé ọ̀nà ló jìn.

Mo gbójú sókè. Mísítà Adelstein dúró lórí ìlà ọsàn. Ó ń fi bàtà dúdú rẹ̀ tó dán, bàtà ọjọ́ ìsìn, nu paint náà kúrò nílẹ̀. Ó ń nù ún kíkankíkan. Ẹnì kejì dé, ó bá a nù ún. Kó tó di agogo méjìlá, bàtà tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ ti lé ní ogún.

"Ọ̀nà lè wọ́ gba apá ọ̀hún," ó ní, kò sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ. Láti ọ̀la, má fọwọ́ kan òkúta kankan mọ́ níbí."

Mo tẹríba. "Mo gbà, sà."

"Ìwé ni kí o máa kọ. Gbogbo ibojì, láti géètì dé òpin. Ìwé wa ti bá omi lọ." Ó fa imú sí òórùn irú náà. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe sára nǹkan yẹn."

Màmá Zelniker ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó ń wo náílọ́nù irú tó wà lọ́wọ́ mi.

"Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á. Fẹ́ǹsì, òpó, ẹsẹ̀ bàtà, ọjọ́. Mo dé ibi tó kù, mo dúró.

"Ó kù gbólóhùn kan," ó ní.

"Àṣìṣe ni, mà."

Mo fa mákà yọ nínú àpò. Mo pa "kò sí ibojì" rẹ́, ìlà méjì, kó má baà hàn mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ kó tóbi, ojú òun kò dáa mọ́. Mo gbé náílọ́nù náà lé orúnkún, irú rọ̀ nínú rẹ̀, omi ń kán sí ṣòkòtò mi. Ní àyè ohun tó jẹ́, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ òkúta láti Ìgbẹ́tì títí dòní, mo kọ Sámì.